Ta Ló Ni Ọdún? Ojúbọ Yasaka àti Ọdún Gion ní Ìlú Kyoto láti 869 di Òde Òní

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ìtàn ojúbọ Yasaka, ọ̀kan pàtàkì lára àwọn ojúbọ ẹ̀sìn Ṣintó ní ìlú Kyoto lórílẹ̀-èdè Japan, àti ọdún Gion tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ní oṣù Keje. Ìbéèrè tí iṣẹ́ náà dá lé lórí ni pé: ta ló ni ọdún? Ṣé àwòrò ni, ṣé ìjọba ni, àbí àwọn ará àdúgbò tó ń náwó nára sí i? Iṣẹ́ náà tọpasẹ̀ ọdún yìí láti ìgbà àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 869, ó gba inú ogun Onin, àṣẹ ìjọba ọdún 1868, Ogun Àgbáyé Kejì àti àrùn Kòrónà kọjá. Ó fi hàn pé kì í ṣe torí pé ọdún Gion kò já rí ló fi tọ́jọ́. Ó tọ́jọ́ nítorí pé nígbàkúùgbà tó bá já, àwọn kan máa ń wà tó gbà pé àwọn ló ni ín, tí wọ́n sì so ó padà.

Ìfáàrà

Ní ọjọ́ 17 oṣù Keje, títì Shijo ní ìlú Kyoto máa ń kún fọ́fọ́. Àwọn ilé onígi gàgàrà tó ní ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, tí wọ́n fi aṣọ olówó iyebíye ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, máa ń kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, tí àwọn ọkùnrin ń fi okùn fà wọ́n. Ọ̀pọ̀ àlejò ló máa ń rò pé ọdún Gion náà nìyẹn. Bí èyí tó kẹ́yìn bá ti kọjá, wọ́n á tú ká. Ṣùgbọ́n lójú àwọn àwòrò ojúbọ Yasaka, ohun tó ṣe kókó kò tíì ṣẹlẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni kami máa ń jáde kúrò nínú ojúbọ lọ sí àárín ìlú. Ọ̀nà ni àwọn tàárọ̀ wá gbá mọ́ dè é.

Kami ni àwọn ará Japan ń pe ohun tí Yorùbá lè pè ní òòṣà tàbí irúnmọlẹ̀. Ẹ̀sìn Ṣintó kò ní olùdásílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ìwé mímọ́ kan ṣoṣo tí gbogbo olùsìn gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Òkè, odò, igi ńlá, àwọn baba ńlá àti ẹ̀mí àwọn akọni lè jẹ́ kami, ìlú kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ̀sìn Búdà ti wọ Japan ní sẹ́ńtúrì kẹfà ni ẹ̀sìn méjèèjì ti ń gbé pọ̀, tí wọ́n ń pín àwòrò, ilé àti àdúrà fún ara wọn. Kókó yìí ṣe pàtàkì sí ohun tó ń bọ̀ nísàlẹ̀, nítorí pé nígbà tí ìjọba pinnu láti ya wọ́n nípá, ojúbọ Yasaka wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù.

Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi yé òǹkàwé ni pé ọdún méjì ló wà nínú ọdún Gion: ti ojúbọ àti ti àdúgbò. Bí méjèèjì ṣe ń fa ara wọn, tí wọ́n tún ń gbé ara wọn ró, ni ìtàn rẹ̀ gan-an.

Àbẹ̀wò sí ojúbọ Yasaka

Ojúbọ Yasaka wà ní òpin títì Shijo lápá ìlà-oòrùn, ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Gion, níbi tí àwọn òkè Higashiyama ti bẹ̀rẹ̀. Ìtàn tí ojúbọ náà ń sọ nípa ara rẹ̀ ni pé ọdún 656 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ìyẹn ṣáájú ọdún 794 tí Kyoto di olú-ìlú. Ẹnubodè alájà tí wọ́n kùn ní ọ̀dà pupa ló kọjú sí títì. Ọdún 1497 ni wọ́n tún un kọ́ lẹ́yìn tí èyí tó wà tẹ́lẹ̀ jóná nígbà ogun. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àlejò ń gbà wọlé, àmọ́ ẹnubodè àgbà wà lápá gúúsù, níbi tí torii olókùúta tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1666 wà. Òpó méjì tí wọ́n gbé igi tàbí òkúta dábùú lé lórí ni torii. Òun ni ààlà láàrin ayé ọmọ ènìyàn àti ilẹ̀ kami.

Lẹ́yìn torii ni omi ìwẹ̀nùmọ́. Àṣà ni pé kí olùsìn fi ìgbakọ bu omi, kí ó ṣan ọwọ́ òsì, kí ó ṣan ọwọ́ ọ̀tún, kí ó sì fi omi yọ ẹnu, kí ó tó lọ síwájú kami. Ìdí ni pé ohun tí ẹ̀sìn Ṣintó kọ̀ jù lọ ni àìmọ́. Ẹ̀jẹ̀, ikú àti àrùn ń sọ ènìyàn di aláìmọ́, omi àti àdúrà ni wọ́n sì fi ń wẹ̀ ẹ́ nù. Bí olùsìn bá dé iwájú ilé àgbà, yóò ju owó ẹyọ sínú àpótí, yóò mi agogo, yóò tẹrí ba lẹ́ẹ̀mejì, yóò pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, yóò gbàdúrà, yóò sì tún tẹrí ba lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ràn láti fi owó ẹyọ yen 5 tọrọ, nítorí pé orúkọ owó náà, go-en, bá ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí àjọṣe rere dọ́gba létí.

Ilé àgbà tó wà níbẹ̀ lónìí, ọdún 1654 ni wọ́n kọ́ ọ, ní àṣẹ Tokugawa Ietsuna tó jẹ́ shogun, ìyẹn olórí àwọn ológun tó ń ṣàkóso ilẹ̀ náà. Ní ọ̀pọ̀ ojúbọ Ṣintó, ilé kami dá dúró, ilé àdúrà sì dá dúró. Ní Yasaka, òrùlé ńlá kan ṣoṣo ló bo méjèèjì. Ní 2020 ni ìjọba Japan kéde ilé yìí gẹ́gẹ́ bí ìṣúra orílẹ̀-èdè.

Ní iwájú ilé àgbà ni pẹpẹ ijó kan wà tí wọ́n fi àtùpà alábèébà funfun yí ká. Orúkọ ilé oúnjẹ, ilé ìtajà àti ilé àwọn obìnrin oníjó àdúgbò Gion ni wọ́n kọ sára àtùpà wọ̀nyí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹni tó ń bọ́ ojúbọ kò ní wàhálà púpọ̀. Kó kàn ka ara àtùpà ni.

Ìgbà àti àsìkò nínú ojúbọ náà

Ìgbà mẹ́rin ló wà nínú ọdún ní Japan, ìgbà kọ̀ọ̀kan ló sì ní ohun tó ń mú ènìyàn wá sí ojúbọ. Ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, nínú òtútù, àwọn ará ìlú máa ń wá bu iná mímọ́ tí wọ́n fi ewé àti egbò kan tó ń jẹ́ okera dá. Wọ́n á fi okùn oparun tín-ín-rín gba iná náà, wọ́n á sì máa fì í yípo bí wọ́n ti ń lọ sílé kí ó má baà kú. Iná yìí ni wọ́n fi ń dáná oúnjẹ àkọ́kọ́ nínú ọdún tuntun, kí àrùn má baà wọlé tọ̀ wọ́n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì, tí ìgbà òtútù ń parí lọ, àwọn obìnrin oníjó Gion á jó lórí pẹpẹ, wọ́n á sì máa da ẹ̀wà sóko fún àwọn tó wá, láti fi lé ẹ̀mí burúkú jáde. Oṣù Keje ni ooru àti òjò pàdé. Ìgbà náà ni ọdún Gion, tó ń gba gbogbo oṣù láti ọjọ́ 1 dé ọjọ́ 31.

Bí ènìyàn bá wo ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa, yóò rí i pé ohun kan náà ni wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún: kí àrùn yà lọ́nà. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ kò ju àjàkálẹ̀ àrùn lọ.

Ọdún tí àrùn bí

Inú kòtò tí òkè yí ká ni wọ́n tẹ Kyoto dó sí, odò sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Bí òjò oṣù Kẹfà bá kún odò, tí ooru sì tẹ̀ lé e, àìsàn a máa jà láàrin àwọn ènìyàn tó há mọ́ra. Àwọn ará ìgbà náà gbà pé ẹ̀mí àwọn ọlọ́lá tó kú pẹ̀lú ìbínú, pàápàá àwọn tí ọba fìyà jẹ láìṣẹ̀, ló ń fa àrùn yìí. Ní 863, ààfin ṣe ètùtù fún irú àwọn ẹ̀mí bẹ́ẹ̀ ní ọgbà Shinsen-en, wọ́n sì ṣí ọgbà ọba náà sílẹ̀ fún ará ìlú láti wọlé.

Kò pẹ́ sí i ni wàhálà tún pọ̀ sí i. Òkè Fuji bú gbàmù ní 864. Ní 869, ìmìtìtì ilẹ̀ ńlá àti ìgbì òkun ba etíkun àríwá ìlà-oòrùn Japan jẹ́, àrùn sì ń jà káàkiri. Ìtàn ojúbọ Yasaka sọ pé ní ọdún 869 yìí ni wọ́n ri ọ̀kọ̀ 66 mọ́lẹ̀ ní Shinsen-en, ọ̀kọ̀ kan fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan nínú àwọn ẹkùn ilẹ̀ Japan, tí wọ́n sì gbé kami ojúbọ Gion jáde lọ síbẹ̀ láti lé àrùn. Ètùtù pàjáwìrì ni, kì í ṣe ọdún. Ìgbà tó yá, ní òpin sẹ́ńtúrì kẹwàá, ni ó di ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún.

Kami tí wọ́n gbé jáde náà ní ìtàn tirẹ̀. Gozu Tenno ni wọ́n ń pè é nígbà náà, ìyẹn ọba ọ̀run olórí màlúù, tó ní agbára láti rán àrùn àti láti dá a dúró. Wọ́n sì tún gbà pé òun kan náà ni Susanoo, akọ òòṣà inú ìtàn ìwáṣẹ̀ Ṣintó. Ìtàn sọ pé ó rin ìrìn àjò, ilẹ̀ ṣú bá a lọ́nà, ó sì tọrọ ibùsùn lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìyá méjì. Èyí tó lówó lé e dànù. Èyí tó tòṣì, Somin Shorai, tẹ́ koríko fún un sùn, ó sì fún un ní oúnjẹ ọkà jéró. Nígbà tí kami náà padà wá, ó ní kí ìdílé Somin Shorai fi koríko ṣe òrùka sára, kí àrùn lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Àwọn yòókù kú. Ẹni tó bá da omi síwájú ní í tẹ ilẹ̀ tútù.

Ìtàn yìí ṣì ń ṣiṣẹ́ lónìí. Ní oṣù Keje, ará Kyoto máa ń ra chimaki, ìdì ewé oparun kékeré tí wọn kì í jẹ, tí wọ́n ń so kọ́ ẹnu ọ̀nà títí ọdún yóò fi yípo. Ohun tí wọ́n kọ sí i lára ń sọ fún àrùn pé àtọmọdọ́mọ Somin Shorai ló ń gbé ilé náà. Ní ọjọ́ 31 oṣù Keje, tí ọdún parí, àwọn ènìyàn á gba inú òrùka koríko ńlá kan kọjá níwájú ojúbọ kékeré tó wà nínú ọgbà Yasaka. Àwọn mìíràn kì í jẹ apálá ní gbogbo oṣù náà, nítorí pé bí wọ́n bá gé apálá, ojú rẹ̀ jọ àmì ojúbọ.

Bí ọdún ṣe bọ́ sọ́wọ́ ará àdúgbò

Láti sẹ́ńtúrì kẹrìnlá lọ, ìgbésí ayé Kyoto yí padà. Àwọn oníṣòwò aṣọ, àwọn tó ń pọn ọtí àti àwọn ayánilówó di ọlọ́rọ̀, wọ́n sì ń gbé pọ̀ ní àdúgbò àdúgbò. Àdúgbò kan ni ilé tó kọjú síra ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì títì kan. Àwọn àdúgbò wọ̀nyí ló sọ ọ̀kọ̀ ọdún 869 di ohun gàgàrà tí wọ́n ń fà lórí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Orúkọ tí wọ́n ń pè é, yamahoko, fi ibi tó ti wá hàn: yama ni òkè, hoko ni ọ̀kọ̀. Àwọn tó ga jù ń gbé òpó gígùn bí ọ̀kọ̀ lórí, àwọn kékeré sì ń gbé òkìtì tí wọ́n gbin igi sí àti ère inú ìtàn.

Ogun Onin bẹ́ sílẹ̀ ní 1467, ó sì jà títí di 1477. Ó jó ọ̀pọ̀ Kyoto di eérú, ọdún Gion sì dúró fún ọdún 33. Ìgbà tí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀ ní 1500, àwọn àdúgbò ló wà níwájú. Nítorí pé àríyànjiyàn máa ń wà lórí ẹni tí yóò ṣáájú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ gègé. Gègé náà ni wọ́n ṣì ń ṣẹ́ ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ní gbọ̀ngàn ìlú. Ọ̀kan lára àwọn tí gègé kò kàn ni Naginata-hoko, èyí tó máa ń ṣáájú ìrìn ọjọ́ 17 nígbà gbogbo. Orí rẹ̀ ni ọmọkùnrin kan máa ń jókòó sí, tó ń fi idà gé okùn mímọ́ tí wọ́n ta dí ojú ọ̀nà, kí ìrìn tó lè bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 1533 ló fi ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ hàn kedere. Ojúbọ Gion wà lábẹ́ ilé ẹ̀sìn Búdà ńlá Enryaku-ji tó wà lórí òkè Hiei. Ní ọdún náà, àwọn olórí Enryaku-ji fẹ́ kí ọdún Gion dúró nítorí pé ọdún ojúbọ tiwọn kò lè wáyé, ìjọba shogun sì pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn aṣojú àdúgbò kó ara wọn jọ lọ sí ojúbọ. Wọn kò jiyàn lórí ètò àwọn àwòrò. Ohun tí wọ́n béèrè ni pé bí ètùtù ojúbọ kò bá tilẹ̀ wáyé, kí àwọn ṣì gbé yamahoko àwọn jáde. Àkọsílẹ̀ ojúbọ fúnra rẹ̀ ló pa ẹ̀bẹ̀ yìí mọ́.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn dúró díẹ̀ síbí. Àwọn kan lè sọ pé ẹ̀bẹ̀ 1533 jẹ́ ẹ̀rí pé ará àdúgbò kò ka kami sí mọ́, pé afẹ́ lásán ni wọ́n ń lé. Ṣùgbọ́n chimaki tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn tako èrò yẹn. Ohun tí ẹ̀bẹ̀ náà fi hàn ni pé wọn kò gbà mọ́ pé ọwọ́ àwòrò tàbí ìjọba nìkan ni àṣẹ láti lé àrùn wà. Wọ́n ti gba iṣẹ́ náà sọ́wọ́ ara wọn.

Aṣọ, igi àti ìmọ̀ ọwọ́

Ọrọ̀ àwọn àdúgbò hàn lára ohun tí wọ́n fi bo yamahoko. Aṣọ híhun láti China, Persia àti India wà níbẹ̀. Iwájú Kanko-hoko ni wọ́n ta aṣọ ara ògiri kan sí tí wọ́n hun ní ilẹ̀ Belgium òde òní ní sẹ́ńtúrì kẹrìndínlógún. Àwòrán ara rẹ̀ wá láti inú Ìwé Jẹ́nẹ́sísì: Rèbékà ni, níbi tó ti ń fún ènìyàn lómi mu létí kànga. Láti 1614 ni àṣẹ ti wà tó ka ẹ̀sìn Kristẹni léèwọ̀ jákèjádò Japan, kò sì kásẹ̀ nílẹ̀ títí di 1873. Síbẹ̀, àwòrán Bíbélì ń ta lójú títì níwájú gbogbo ènìyàn nínú ọdún Ṣintó. Ẹwà aṣọ náà ni wọ́n rà, kì í ṣe ìtàn inú rẹ̀.

Ohun tó tún ya ènìyàn lẹ́nu ju aṣọ lọ ni bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ. Èyí tó tóbi jù lè wúwo tó tọ́ọ̀nù 12, orí òpó rẹ̀ sì lè ga tó mítà 25. Bẹ́ẹ̀, okùn koríko ni wọ́n fi ń so igi pọ̀. Wọn kì í kan ìṣó mọ́ ọn. Bí ó bá ń mì nígbà tí wọ́n ń fà á, okùn á fà díẹ̀, igi kò sì ní ṣẹ́. Ọ̀tọ̀ ni àwọn tó ń di okùn, ọ̀tọ̀ ni àwọn káfíńtà, ọ̀tọ̀ sì ni àwọn tó ń darí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Ẹsẹ̀ náà kò lè yí sọ́tùn-ún tàbí sósì. Nítorí náà, bí wọ́n bá dé oríta, wọ́n á tẹ́ oparun sábẹ́ rẹ̀, wọ́n á da omi sí i, wọ́n á sì fi okùn fà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ títí yóò fi kọjú síbi tó ń lọ. Lẹ́yìn ìrìn, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ń tú u palẹ̀, wọ́n á sì kó igi rẹ̀ pamọ́ di ọdún tó ń bọ̀.

Títú u palẹ̀ yìí ni ilé ẹ̀kọ́ ọdún Gion. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ ní kíkọ́, ẹni tó mọ bí a ti ń di okùn yóò kú tán láìkọ́ ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti orin. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìdí agogo. Bí agogo bá ti wọ̀ ọ́ lára, tó sì ti mọ orin lórí, ni wọ́n á tó gbé e lọ sí ìdí fèrè tàbí ìlù. Kò sí ìwé tí wọ́n ń kà nílé tó lè rọ́pò ìjókòó ti àgbà lórí yamahoko.

Ọwọ́ ìjọba

Ní 1868, ìjọba tuntun Meiji pàṣẹ pé kí wọ́n ya kami àti Búdà sọ́tọ̀. Ojúbọ Gion, tí àwòrò ẹlẹ́sìn Búdà ti ń darí fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, pàdánù orúkọ rẹ̀. Yasaka ni wọ́n sọ ọ́. Wọ́n kó ère Búdà jáde. Gozu Tenno, tí àwọn ènìyàn ti ń ké pè láti ìgbà pípẹ́, kò sí nínú orúkọ tí ojúbọ ń lò mọ́. Susanoo nìkan ló kù. Ní 1871, ojúbọ náà di ọ̀kan lára àwọn tí ìjọba ń bójú tó, àwòrò sì di òṣìṣẹ́ ìjọba. Nígbà tí Japan gba kàlẹ́ńdà oòrùn ní 1873, ọjọ́ ọdún náà yẹ̀. Inú oṣù kẹfà nínú kàlẹ́ńdà òṣùpá ló wà tẹ́lẹ̀, àmọ́ ọjọ́ 17 àti ọjọ́ 24 oṣù Keje ni wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ sí níkẹyìn.

Ogun Àgbáyé Kejì dá ìrìn yamahoko dúró ní 1943. Lẹ́yìn tí Japan túúbá, àwọn ológun Amẹ́ríkà àti alájọṣe wọn pàṣẹ ní oṣù Kejìlá 1945 pé ìjọba kò gbọdọ̀ ná owó lórí ojúbọ Ṣintó mọ́. Òfin ìpìlẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1947 fi ìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Ní ọdún 1947 kan náà ni ìrìn yamahoko tún bẹ̀rẹ̀ ní kékeré, ó sì ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀.

Ìṣòro tuntun ló wá yọjú: bí ìjọba kò bá lè náwó lórí ẹ̀sìn, ta ni yóò tún igi àti aṣọ ṣe? Ọ̀nà tí wọ́n gbà ni pé kí wọ́n ka yamahoko sí ohun àṣà. Ní 1962, ìjọba kéde 29 nínú wọn gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé pàtàkì. Ní 1979, ìrìn náà fúnra rẹ̀ gba irú ipò bẹ́ẹ̀, ní 2009 sì ni àjọ UNESCO fi í sínú àkọsílẹ̀ àwọn àṣà àìfojúrí ti gbogbo ayé. Àwọn àdúgbò dá ẹgbẹ́ olùtọ́jú sílẹ̀ láti gba ìrànlọ́wọ́ yìí. Báyìí ni ọdún kan ṣe pín sí méjì lójú òfin. Yamahoko jẹ́ àṣà, ó lè gba owó ìjọba. Mikoshi, ilé kékeré tí wọ́n fi wúrà bò tí àwọn ọkùnrin fi ń gbé kami lé èjìká, jẹ́ ẹ̀sìn, owó àwọn olùsìn ló sì ń gbé e.

Jíjá àti síso

Láti ìgbà náà, ohun tó ń já okùn ọdún kò tíì tán. Ní 1962, ìrìn yamahoko kò wáyé nítorí pé wọ́n ń gbẹ́ ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin sábẹ́ títì Shijo. Láti 1966, nítorí ọ̀rọ̀ sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ àti ìrọ̀rùn àwọn arìnrìn-àjò, wọ́n da ìrìn ọjọ́ 17 àti ti ọjọ́ 24 pọ̀ mọ́ra. Àmọ́ ọjọ́ 17 ni mikoshi mẹ́ta ń jáde kúrò ní ojúbọ lọ sí ibùwọ̀ wọn ní àárín ìlú, ọjọ́ 24 ni wọ́n sì ń padà. Tí kò bá sí yamahoko ní ọjọ́ 24, kò sẹ́ni tó ń gbá ọ̀nà mọ́ fún kami tó ń lọ sílé. Àwọn ará àdúgbò ń sọ èyí títí wọ́n fi gbà, wọ́n sì ya ìrìn méjèèjì sọ́tọ̀ padà ní 2014.

Ọdún yẹn kan náà ni Ofune-hoko, tó ní ìrísí ọkọ̀ ojú omi, padà sójú títì. Iná ogun ló jó o ní 1864, ó sì pé 150 ọdún géérégé kí wọ́n tó tún un kọ́. Takayama tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òjò ńlá bà á jẹ́ ní 1826, iná 1864 sì jó ohun tó kù yàtọ̀ sí ère rẹ̀. Ó tún jáde ní 2022 lẹ́yìn ọdún 196, ó sì sọ iye yamahoko di 34. Ohun tó mú kí ìpadàbọ̀ wọ̀nyí ṣeé ṣe ni pé ní gbogbo ìgbà tí wọn kò ní ohun tí wọ́n ń fà, àwọn ará àdúgbò méjèèjì ń kó ère àti ẹ̀wù tó ṣẹ́kù síta lọ́dọọdún, wọ́n ń tan àtùpà sí i, wọ́n sì ń ṣe ọdún níwájú rẹ̀. Wọn kò ní kẹ̀kẹ́, àmọ́ wọn kò jọ̀wọ́ ipò wọn.

Ní 2020, ohun tó bí ọdún náà padà wá bá a. Àrùn Kòrónà dé, ìrìn yamahoko kò sì wáyé ní 2020 àti 2021, nítorí pé ogunlọ́gọ̀ ènìyàn lè tan àrùn kálẹ̀. Ọdún tí wọ́n dá sílẹ̀ láti lé àrùn ni àrùn dá dúró. Ojúbọ kò fi ètùtù sílẹ̀. Dípò mikoshi tó nílò ọ̀pọ̀ èjìká, wọ́n fi ẹ̀ka igi mímọ́ ṣe ibùjókòó kami, wọ́n sì gbé e gun ẹṣin funfun lọ sí ibùwọ̀ rẹ̀. Ní 2021, àwọn àdúgbò kan kọ́ yamahoko wọn láìfà á lọ síbì kankan. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé bí ọdún méjì bá kọjá láìdi okùn, ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ yóò gbàgbé.

Àríyànjiyàn kò tíì parí. Ilé alájà púpọ̀ ti rọ́pò ilé onígi àtijọ́ ní àárín Kyoto, àwọn tó ń gbé inú wọn kò sì mọ ọdún náà tẹ́lẹ̀. Àwọn àdúgbò kan ti gba irú àwọn olùgbé tuntun bẹ́ẹ̀ mọ́ra, àwọn kan sì ti gba obìnrin láàyè láti wà nínú ẹgbẹ́ olórin, nígbà tí àwọn mìíràn dúró lórí èèwọ̀ àtijọ́. Ní 2023, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìjókòó olówó gọbọi fún àwọn tó ń wòran, pẹ̀lú oúnjẹ àti ọtí. Ní 2024, olórí àwòrò Yasaka sọ̀rọ̀ síta pé ètò ẹ̀sìn ni ọdún náà, kì í ṣe eré ìnàjú.

Àgbálọgbábọ̀

Ó hàn gbangba pé kò sí ìdáhùn ẹyọ kan sí ìbéèrè ẹni tó ni ọdún Gion. Ààfin ló bẹ̀rẹ̀ ètùtù, ojúbọ ló pa á mọ́, ìjọba ti gbà á, ó sì ti fi í sílẹ̀. Bí ó ti wù kó rí, ẹ̀rí inú ìtàn fi hàn pé ní 1500, ní 1533, ní 2014 àti ní 2022, àwọn tó so okùn tó já ni àwọn tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ títì tí ọdún ń gbà kọjá. Ẹni tó ń di okùn ló ni ọdún, níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń kọ́ ọmọ ẹlòmíràn láti dì í. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Èyí wúlò fún olùkọ́ tó ń múra àtikọ́ni ní ìmọ̀ ìtàn tàbí àṣà. Bí ó bá ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nípa ọdún èyíkéyìí, kò yẹ kó dúró sórí ọjọ́, aṣọ àti oúnjẹ. Ó yẹ kó bi wọ́n pé: ìgbà wo ni ọdún yìí já rí? Ta ló dá a dúró? Ta ló tún un bẹ̀rẹ̀, owó ta ni ó sì fi ṣe é? Ta ni wọ́n kọ̀ láàyè, ta sì ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà wọlé? Ìdáhùn sí ìwọ̀nyí ni yóò jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń pè ní àtayébáyé, ọwọ́ ènìyàn ló ń gbé e láti ọdún dé ọdún, àti pé ọwọ́ náà lè rẹ̀.